Ta Ló Kó Ìbejì Lọ Nínú Agbo Wa? Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọlọ́sìn àgùntàn sọ ní Kàbbà

Ẹnì kan fi fọ́ọ̀nù gba ohùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kàn jókòó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni, ẹ bá mi fara dà á.

Okun o! Ẹ̀yin bàbá wa, okun. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ fi ọjà sílẹ̀ tẹ́ ẹ wá jókòó síbí, okun o. Ẹ̀yin Ìyàgbà, ẹ̀yin Ìjùmú, ẹ̀yin Bùnú, ẹ̀yin Ọ̀wọ́rọ̀ tẹ́ ẹ ti ọ̀nà Lọ́kọ́jà wá, ẹ̀yin Òwé tẹ́ ẹ gbà wá lálejò, gbogbo yín ni mo kí. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé máíìkì fún àgbàlagbà ló mọ ohun tó ń wá o.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ni àgùntàn ẹ̀ bí ìbejì lọ́dún yìí nínú yín? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Ọ̀kan, méjì, ọ̀kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún... mẹ́rin. Mẹ́rin péré nínú gbogbo èrò yìí! Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún ńkọ́, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ẹ máa ń rí ìbejì nínú agbo ìyá yín? Ẹ wo ọwọ́! Ẹ wo bí ọwọ́ ṣe pọ̀! So kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kó ìbejì lọ?

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ilé tèmi fún yín kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mo wá bú yín. Ìyá mi ní abo àgùntàn dúdú kan, kúkúrú, ikùn ẹ̀ ń wọ́lẹ̀, à ń pè é ní Dúdúyẹmí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fojú ara mi rí i tó bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ìbejì àgùntàn ṣe máa ń rí, wọ́n máa ń kéré, ọmú méjì náà ni wọ́n jọ ń pín, tí ọmọ oṣù mẹ́ta bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n dá nìkan bí, ẹ máa rò pé àìsàn ń ṣe é ni. Àgùntàn funfun kan tún wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń bí, ọmọ ẹ̀ á tóbi, á ń dán, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni á máa yìn ín. Tówó iléèwé bá wá dé, tàbí tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, èwo lẹ rò pé à ń kọ́kọ́ tà? Ẹ dá mi lóhùn! Ọmọ Dúdúyẹmí ni. A ní kò ní tóbi mọ́, a ní ó ń fi oúnjẹ ṣòfò. Èwo la fi sílẹ̀ kó máa bí lọ nínú ilé? Ọmọ funfun tó dá wáyé.

Dúdúyẹmí kú. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kò sí ìbejì mọ́. Ìyá mi ní aráyé ti gba ìbejì ilé wa, wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n wọ́n nǹkan sí ẹnu ọ̀nà agbo. Aráyé ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Èmi ni mo fa okùn ọ̀rùn wọn lọ sọ́jà. Ìgbà tí mo wá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, tí olùkọ́ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ni ojú mi tó là, mo kàn gbá orí mú nínú kíláàsì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn, a ti fọwọ́ ara wa ṣa ìbejì kúrò nínú agbo wa láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ká gbọ́ yé ara wa: nínú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Abo àgùntàn tó ti bàlágà máa ń wá akọ ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí mẹ́tàdínlógún, bí kò bá tíì lóyún. Nígbà yẹn ẹyin kéékèèké púpọ̀ ló ń sáré ìje nínú ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àgùntàn, ọ̀kan á yọ síwájú, á gba oúnjẹ àwọn yòókù jẹ, àwọn yẹn á rọ, ẹyin kan náà ló máa já, ọmọ kan ló máa di. Nínú àwọn mìíràn, méjì á jọ gbó, mẹ́ta á jọ gbó. Iye ẹyin tó já ni iye ọmọ tó lè di. Ṣé ẹ wá rí i pé inú abo ni wọ́n ti ń ka iye? Àgbò ò lè sọ ẹyin kan di ọmọ méjì lálẹ́ ọjọ́ tó gùn ún. Mo mọ bàbá kan tó ta àgbò ẹ̀ nítorí pé "kì í fún èèyàn ní ìbejì," ó lọ ra òmíràn, nǹkan kan ò yí padà. Kò lè yí padà lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi, torí ọ̀rọ̀ àgbò ò tán síbẹ̀. Àgbò ò bí ọmọ, àmọ́ ó gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹ̀ káàkiri. Tí wọ́n bá bí i nínú ìdílé tó ń bí ìbejì, àwọn ọmọbìnrin tó bá bí ni ẹ máa ti rí i, lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn bàbá wa sọ pé àgbò tó bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ìbejì náà máa ń fẹ̀yìn rìn, ó máa ń gba ara akọ kọjá láìfi ara hàn, ó di ara ọmọ ẹ̀ obìnrin kó tó yọjú.

Ohun tó ń gbé e yìí ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ẹ jẹ́ kó dà bí ìwé ìlànà kékeré nínú ara, bàbá mú ẹ̀dà kan wá, ìyá mú ẹ̀dà kan wá, ọmọ ń ti inú méjèèjì ṣiṣẹ́.

Kí nìdí tó fi yẹ kó yà wá lẹ́nu, àwa Yorùbá? Ìran wo ló tún bí ìbejì tó wa? Nígbà tí àwọn oníwádìí ka ìbímọ ní Igbó-Ọrà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, bíi 45 nínú ìbímọ 1000 ló jẹ́ ìbejì, nígbà tí àwọn òyìnbó ní Yúróòpù ń rí bíi 12. Ọ̀pọ̀ nínú ìbejì tiwa yìí, ẹyin méjì ló di wọ́n, gẹ́gẹ́ bíi ti àgùntàn. Tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó sí ìdílé tí ìyá, ìyá àgbà àti àbúrò ìyá ti bí Táíwò pẹ̀lú Kẹ́hìndé, ẹ̀ ń sọ pé "ìdílé ìbejì ni wọ́n." Ẹnu wa mọ̀ ọ́n tó bá jẹ́ èèyàn. Tó bá wá kan àgùntàn, a ti gbàgbé.

Ẹ gbọ́ bí àwọn ẹ̀yà àgùntàn ṣe yàtọ̀ síra. Àwọn kan wà ní Finland tí ìbejì àti ìbẹta ò jẹ́ tuntun fún wọn rárá, Finnsheep ni wọ́n ń pè wọ́n. Romanov wà ní Rọ́ṣíà, ẹ̀bá odò Volga ni wọ́n ti wá, ìbẹta lọ ràì nínú wọn. D'man wà ní gúúsù Mòrókò níbi, ní ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ máa rò pé koríko ò tó, òun náà ń bí méjì, ń bí mẹ́ta. Merino tó ní irun òwú yẹn wá ń bí ọ̀kan ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tó tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni àgùntàn kan ní erékùṣù Barbados, pupa, ikùn dúdú, kò nírun òwú bíi tàwọn òyìnbó, ìbejì ló máa ń bí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ mọ ibi tí àwọn baba ńlá ẹ̀ ti wá? Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn lọ láyé ìgbà òwò ẹrú. Ẹ̀jẹ̀ ìtòsí wa yìí náà ni, wọ́n kàn tọ́jú tiwọn ni, àwa ta tiwa.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kejì, ìtàn ni. Àrìnjìnnà ní ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ bá mi dé Ọsirélíà.

Àwọn ará ilé kan wà ní fámù kan tí wọ́n ń pè ní Booroola, nítòsí ìlú Cooma, ní New South Wales. Merino ni wọ́n ń sìn, Merino tí mo ní ó ń bí ọ̀kan yẹn. Ṣùgbọ́n tiwọn ń bí mẹ́ta, ń bí mẹ́rin. Wọn ò lọ sílé ìwádìí kankan o, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó, abo tó bá bí púpọ̀ wọ́n á yà á sọ́tọ̀ sínú agbo tiẹ̀, wọn ò tà á. Ní 1958, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ibẹ̀, CSIRO, gba àgbò kan lọ́wọ́ wọn tó jẹ́ pé márùn-ún ni wọ́n bí wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gbọ́ mi? Márùn-ún! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣèwádìí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1980, wọ́n ti rí i pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké ló papọ̀ ṣe é, jíìnì kan ṣoṣo ni. Wọ́n sọ ọ́ ní FecB. Abo tó bá ní ẹ̀dà kan, ẹyin tó ń já nínú ẹ̀ máa ń fi bíi ọ̀kan ààbọ̀ ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà méjì, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, bíi mẹ́ta ló fi ń jù ú lọ. Ní 2001 ni wọ́n wá rí ojú ibi tó wà gan-an, lórí kírómósómù kẹfà, kírómósómù ni okùn tín-ín-rín inú ara tí àwọn jíìnì tò sí. Ohun tó ń ṣe nìyí: ẹyin á tètè gbó nígbà tó ṣì kéré, kí èyí tó fẹ́ ṣe ọ̀gá tó ráyè ṣe ọ̀gá, àwọn yòókù náà ti délé.

Níbo wá ni jíìnì yìí ti dé Ọsirélíà? Íńdíà ni! Àgùntàn kékeré kan wà ní Bengal, Garole lorúkọ ẹ̀, ilẹ̀ ẹrẹ̀ ló ń gbé, kò ga, kò dára lójú, tẹ́ ẹ bá mú un lọ sọ́jà Kàbbà wọ́n á fi yín ṣẹlẹ́yà. Ọkọ̀ gbé wọn láti Kàlìkútà dé Ọsirélíà ní 1792 àti 1793. Jíìnì yẹn fara pa mọ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́jọ ọdún, ń ti inú ọmọ bọ́ sínú ọmọ, kí ìjọba tó mọ̀ ọ́n. Àgùntàn tó kéré jù, tó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ jù, òun ló gbé ọrọ̀ wọ̀lú. Ṣé ẹ rántí ọmọ Dúdúyẹmí?

Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ti wá rántí tiwọn. Ní Phaltan, ìpínlẹ̀ Maharashtra, ilé iṣẹ́ ìwádìí Nimbkar mú àgbò Garole, wọ́n fi pọ̀ mọ́ àgùntàn Deccani tí àwọn darandaran ibẹ̀ ń sìn, tó tóbi díẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọ̀kan ló ń bí. Wọ́n ń padà sọ́dọ̀ Deccani léraléra títí ara fi jọ Deccani, tí inú ṣì jẹ́ ti Garole. Ẹ̀dà kan ni wọ́n fẹ́ kó wà lára abo darandaran, kó bí méjì, kó má bí mẹ́rin.

Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ mẹ́rin? Ọ̀rọ̀ kẹta nìyẹn: àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọmú mélòó ló wà nídìí àgùntàn? Méjì! Ta ló máa fún ẹ̀kẹta lọ́mú? Ìwọ tó o ń lọ sóko? Tí wọ́n bá pọ̀ nínú, wọ́n á kéré, wọ́n á tutù, òjò á pa wọ́n lóru, ìyá náà tí ò bá jẹun dáadáa ní oṣù tó kẹ́yìn oyún, ó lè wó lulẹ̀ kó má dìde mọ́, ara ẹ̀ ló ti fi bọ́ ọmọ tán.

Òmíràn tún wà tó jù báyẹn lọ. Ní New Zealand, abo àgùntàn kan wà, Romney ni ẹ̀yà ẹ̀, tí nọ́ńbà etí ẹ̀ jẹ́ A281, ó bímọ ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ọmọ 33 ló bí. Ẹ pín in. Mẹ́ta-mẹ́ta! Wọ́n wádìí ẹ̀ láti orí àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀, wọ́n rí jíìnì tiẹ̀, wọ́n pè é ní Inverdale. Orí kírómósómù X lèyí wà, èyí tó jẹ́ pé ọmọ obìnrin nìkan ni bàbá máa ń fún, ìyẹn ni pé àgbò tó bá ní i, gbogbo ọmọ ẹ̀ obìnrin pátá ló máa fún, kò ní fún ọmọkùnrin kankan. Abo tó bá ní ẹ̀dà kan, ẹyin á lé, ìbejì á pọ̀. Ẹ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi àgbò tó ní i gun abo tó ní i, kó di ẹ̀dà méjì, kó bí mẹ́fà. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Àgàn. Àgàn pọ́nbélé. Ilé ẹyin ẹ̀ ò ní dàgbà rárá. Jíìnì kan náà o! Ẹ̀kan ṣoṣo bí ìbejì, ẹ̀ẹ̀méjì pa ilé ọmọ rẹ́. Irú ẹ̀ tún wà nínú àgùntàn Belclare ní Ayalandi àti Cambridge ní Ìlú Ọba. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dìde kúrò lórí àga.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àgùntàn kúkúrú tiwa yìí, tí òyìnbó ń pè ní West African Dwarf, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ti àwọn ìlú olótùútù, oòrùn ló ń pàṣẹ fún wọn, ọjọ́ gbọ́dọ̀ kúrú kí wọ́n tó wá akọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó parí. Tiwa ò bìkítà, oṣù tó bá wù ú ló ń gbà á. Oyún oṣù márùn-ún, ó sinmi díẹ̀, ó tún lóyún, tó bá ń jẹun dáadáa ó lè bímọ ní oṣù mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ọdún méjì. Ẹni tó bí ọ̀kan-ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta ti ju ẹni tó bí lẹ́ẹ̀méjì lọ kí ẹ tó fi ìbejì kún un! Ó tún fara da àìsàn tí ẹṣinṣin tsẹ̀tsẹ̀ ń gbé kiri, èyí tó ń pa àgùntàn àwọn ará òkè ọya tí wọ́n bá gbé wọn wọ igbó wa.

Ọmọkùnrin kan ní agbègbè wa ti Àbújá dé, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ àgùntàn aràrá mọ́. Ó ra àgbò Balami, funfun, etí ẹ̀ ń já lulẹ̀, gíga bíi ọmọ màlúù. Inú gbogbo wa dùn, a ya fọ́tò. Ó fi gun àwọn abo kúkúrú. Ọmọ tóbi nínú ju ọ̀nà tó máa gbà jáde lọ, ó há sí ìdí méjì nínú wọn, ìyá kú, ọmọ kú. Àwọn tó yè dàgbà dé òjò kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mi ò sọ pé Balami ò dáa o, ní Bọ̀rnó níbi tí wọ́n ti bí i, ọba ni. Yankasa tó ní dúdú lójú yẹn tiẹ̀ sún mọ́ wa díẹ̀, mo ti rí ẹni tó fi dà á pọ̀ tó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ púpọ̀ lò ń wá, títóbi kọ́ ni wàá rà.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ má lọ tàn ara yín. A ò tíì gbọ́ pé àgùntàn tiwa ní irú jíìnì alágbára kan ṣoṣo bíi ti Booroola, tiwa jẹ́ ohun kéékèèké tó pọ̀. Nínú agbo kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín abo yìí àti abo yẹn, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń wá láti inú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ, ọjọ́ orí, ooru, àìsàn ló pín èyí tó kù. Abo tó bá ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan ló sáábà máa ń bí, ẹ má tìtorí ẹ̀ ta á. Ẹ dúró dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Èyí tó bá bí ìbejì lẹ́ẹ̀méjì nínú mẹ́ta, tó sì tọ́ wọn yè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀nù, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, ibi tó bá wù yín. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ò gbọdọ̀ rí ọjà. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kan, ẹ mú un ṣe àgbò, àmọ́ kó má gun ìyá ẹ̀, kó má gun àbúrò ẹ̀, ẹ bá aládùúgbò ṣe pàṣípààrọ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ kó abo sọ́dọ̀ akọ, ẹ fi èérí àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún oúnjẹ wọn, ẹyin tó fẹ́ rọ á lè dúró. Èyí ò kan ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ lásán ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dáa tí ò rí jẹ, kí ló fẹ́ fi bí i?

Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú, alága ń wò mí. Ìbéèrè?

Bàbá kan béèrè pé ṣé òótọ́ ni pé abo tí wọ́n bá bí pọ̀ mọ́ akọ máa ń yàgàn. Bàbá, màlúù lẹ gbọ́ ọ lára ẹ̀, lára màlúù òótọ́ ni, ó wọ́pọ̀. Lára àgùntàn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ máa sìn ín.

Màmá kan láti Ìyàrà ní àwọn abo méjì wà nílé òun, ìbejì ni wọ́n, wọ́n kéré, alápatà ti san ìdajì owó, ọ̀la ló ń bọ̀ wá mú wọn. Ìyá wọn ńkọ́, mo béèrè. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa bí méjì nìyí. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ dá owó alápatà padà. Tí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi ni mo máa san án.